Òróró Lórí Gílóòbù Gbígbóná

Amos Ògúndèjì kì í fi ańpilifáyà rẹ̀ ṣeré. Àpótí kékeré ni, kò ga ju àpótí ìjókòó tí àwọn obìnrin fi ń dáná lọ, aṣọ tí wọ́n fi bò ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀, á rí gílóòbù onígíláàsì mẹ́ta, irú èyí tó máa ń wà nínú rédíò ayé àtijọ́. Amos á tàn án, á ní sùúrù títí gílóòbù á fi pọ́n, tí wọ́n á gbóná dáadáa, kó tó fọwọ́ kan gìtá. Ohùn tó ń ti ibẹ̀ jáde nípọn, ó sì dùn. Tó bá wá kan wáyà tó tóbi jù, ohùn náà á há díẹ̀, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán, nítorí bébà sípíkà rẹ̀ ti ya rí, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Híhá yẹn gan-an ló máa ń mú omi jáde lójú àwọn ìyá ìjọ. Amos mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Láàárín ọ̀sẹ̀, iléeṣẹ́ ìgò kan ní Agbára ló ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ á gbé e lọ, á gbé e bọ̀, á já a sílẹ̀ ní Itele bí ẹni tí wọ́n lù. Yàrá kan ṣoṣo ni òun, Kíkẹ́lọmọ ìyàwó rẹ̀ àti Treasure ọmọ wọn ń gbé. Ìgbà tí ìjọ wọn wá ra ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ ọṣẹ kan tó ti kógbá sílé ní Sango, tí wọ́n ń sọ ọ́ di gbọ̀ngàn ńlá, Pásítọ̀ Ọláìtán kéde pé onígìtá kan ṣoṣo ni ìjọ máa gbà síṣẹ́ pátápátá, yóò máa gba owó oṣù, yóò sì ní yàrá méjì nínú ọgbà ìjọ. Kíkẹ́lọmọ ti ń yan àwọ̀ kọ́tìnì kí wọ́n tó ṣe ìkéde náà tán.

Jabez ni ẹnì kejì tó ń wá ipò yìí, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Amos ló kọ́ ọ ní gìtá. Òun ló ń di ìka rẹ̀ mọ́ wáyà títí ìka fi bó, òun ló ń fún un ní owó ọkọ̀ nígbà tí kò ní. Ṣùgbọ́n pùrósẹ́sọ̀ ni Jabez ń lò ní tirẹ̀, àpótí pẹlẹbẹ kan tó kún fún bọ́tìnnì àti iná wínníwínní. Kò ní gílóòbù, kò ní sípíkà, inú míkísà tó ń po ohùn ìjọ pọ̀ ni wáyà rẹ̀ ń lọ tààrà, ohùn ogún ańpilifáyà ló sì wà nínú rẹ̀, èyí tó bá wù ú ló máa tẹ̀. Ohùn ayédèrú ni Amos ń pè é. Pásítọ̀ alára bi í bóyá kí ìjọ ra irú rẹ̀ fún un, torí àwọn tó ń ṣàkóso ohùn fẹ́ràn rẹ̀. Amos ní rárá, sà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun àti Jabez jọ ta gìtá lọ́jọ́ kan náà, kí etí àwọn alàgbà yan èyí tó dáa.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Jabez wá sí Itele. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní pùrósẹ́sọ̀ òun lè tẹ́tí sí ańpilifáyà kan, kó kọ́ ohùn rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ sínú títí ayé. Ṣé bùrọ̀dá Amos lè yá òun ní tirẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí òun dán an wò?

Amos rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú un. Orí rẹ̀ wú. Ó bá a gbé e sórí ọ̀kadà, ó sì ní tí àpótí rẹ̀ bá rí i gbé mì, kó wá sọ fún òun. Lọ́jọ́ kejì, Jabez gbé e padà, ó fajú ro, ó ní kò ṣeé ṣe, ohùn náà kò wọlé. Gbogbo ìjọ ni Amos sọ fún.

Ìjọ yìí ní àṣà kan. Kò sí ohun tó ń wọ gbọ̀ngàn tuntun tí Pásítọ̀ kì í da òróró sí. Ó da á sí àga, ó da á sí fáànù, jẹnẹrétọ̀ pàápàá gba tirẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan tó ń dún, ibi tí ohùn ti ń jáde gan-an ni òróró gbọ́dọ̀ kàn. Ẹni tó bá sì sá fún òróró ti kó sí wàhálà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rose bẹ̀bẹ̀ ní oṣù tó kọjá pé kí wọ́n má dà á sí léèsì funfun òun. Kó tó di ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kan ti ń lá àlá tí Rose ti ń fò lójú ọ̀run. Alapoti ló kó lọ, ìjọ mìíràn ló sì ń lọ báyìí.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Amos ti tan ańpilifáyà rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà ìwàásù, kó lè gbóná, nítorí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń kó ẹrù wọ gbọ̀ngàn ni òróró máa kàn án, nígbà tí gílóòbù bá ti tutù. Ìsìn parí, Pásítọ̀ sì ní òróró ni yóò ṣáájú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Amos tó gbọ́ pé Jabez ló lọ gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Jabez gbé tirẹ̀ síwájú. Ó ti fi ọ̀rá wé e fínnífínní, ọ̀rá tó mọ́ débi pé ojú àgbà kò lè rí i. Òróró ṣàn lé e, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó ní àmín. Nígbà tó kan Amos, orí àpótí lásán ni Pásítọ̀ fẹ́ ta á sí. Jabez ló bẹ̀rẹ̀ tó yí ẹ̀yìn àpótí náà síta, tó fi ìka hàn án pé ibí ni ohùn rẹ̀ ti ń wá, Dádì.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Amos wí, "ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tutù."

Pásítọ̀ dá ọwọ́ dúró. "Kí ló wà níbẹ̀ tí òróró ò gbọdọ̀ kàn?"

Amos wo ìlà kẹta, ó rí Kíkẹ́lọmọ tó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ sí i pé kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Ó rántí Rose. Ẹ̀rù bà á. Ó ní kò sí nǹkan kan, sà, ó sì sún sẹ́yìn.

Òróró kàn gílóòbù, gíláàsì fọ́ pẹ́ú, èkejì tẹ̀ lé e. Èéfín dúdú rú jáde. Àwọn obìnrin ń pe Jésù. Òṣìṣẹ́ ìjọ kan fi iná fóònù yẹ inú àpótí wò, ó sì fa bébà pélébé kan jáde níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lẹ́tà Lárúbáwá ló wà lórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹnì kan ní tírà ni.

Kì í ṣe tírà. Bàbá Kàsúmù ló kọ ọ́, ọmọ bíbí Ọ̀tà tó ń tún rédíò ṣe, tí kò lọ ilé ìwé kankan ju ilé kéú lọ. Ìgbàkígbà tó bá pààrọ̀ gílóòbù, á fi lẹ́tà kéú kọ ọjọ́ àti ìkìlọ̀ ní èdè Yorùbá, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ẹ̀rọ náà. Amos àti Jabez ni wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ eléyìí. Bàbá náà kà á sí wọn létí: bó bá gbóná, ẹ má jẹ́ kí ohun tútù kàn án.

Amos ń ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́? Pásítọ̀ kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ní kí wọ́n dákẹ́, ó yíjú sí Jabez.

"Ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí? Ìwé wo sì lèyí?"

Jabez gba bébà náà, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo Amos lójú.

"N ò mọ̀ ọ́n, sà. Tèmi rèé, ẹ̀yin náà rí i, òróró ò ṣe é ní nǹkan kan."

Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni wọ́n ti dáná sun ańpilifáyà náà tòun ti bébà rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní kí Amos má fọwọ́ kan gìtá nínú ìjọ fún oṣù mẹ́fà, ẹ̀yìn ni kó máa jókòó, kó sì máa wá gba àdúrà ìdáǹdè ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì. Ó sáré lọ bẹ Bàbá Kàsúmù pé kó wá sọ ohun tó kọ sínú ìwé náà fún Pásítọ̀. Bàbá wò ó tàánútàánú, ó ní ṣé ibi tí wọ́n ti sun ìwé òun ló fẹ́ kí òun gbé ara òun lọ? Kíkẹ́lọmọ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó rọra bi í pé láti ìgbà wo ló ti ń lọ sọ́dọ̀ bàbá oníkéú yẹn.

Ọjọ́ ìyàsímímọ́ gbọ̀ngàn, àga tó kẹ́yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí, níbi tí òórùn ọṣẹ kò tíì kúrò lára ògiri. Jabez bọ́ síwájú pẹ̀lú kóòtù tuntun, ó fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kan lórí pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀, ó sì ta gìtá. Ohùn tó nípọn, tó dùn, jáde láti gbogbo sípíkà òkè àjà. Nígbà tó kan wáyà ńlá, ohùn náà há díẹ̀. Ibi tó máa ń há sí náà ni. Amos rántí òru kan ṣoṣo tí àpótí rẹ̀ fi sùn lọ́dọ̀ Jabez. Ibi tí sípíkà rẹ̀ ti ya nìyẹn, gọ́ọ̀mù Bàbá Kàsúmù nìyẹn, ohun tí wọ́n ti sun di eérú lẹ́yìn ilé ló ń kọrin lórí wọn yìí, àwọn ìyá ìjọ sì ti ń nu ojú.

Kíkẹ́lọmọ náà ń nu tirẹ̀. Ó sún mọ́ ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí i létí.

"Dádì Treasure, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ká ní tiyín ń dún báyìí ni, a ò bá ti kúrò ní Itele."

Amos ní òótọ́ ni. Gbogbo ìjọ dìde láti pàtẹ́wọ́, òun náà sì bá wọn dìde.