Orúkọ Tó Ṣí Lẹ́tà Bàbá

Ohun kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì yìí ń fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà: kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ka àwọn lẹ́tà tí bàbá ọmọ náà kọ sí òun létí. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, kò rí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà mọ́.

Atukọ̀ ojú òkun ni ọkọ rẹ̀ olóògbé. Èbúté tó bá dé ni yóò ti fi ímeèlì ránṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ a sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ayé ìgbà yẹn dùn jàre! Ẹ̀rọ á máa kùn, òun náà á máa dá rẹ́rìn-ín níwájú rẹ̀ bí ẹni tórí rẹ̀ yí.

Lọ́dún tó kọjá, olè gbé kọ̀ǹpútà aládùúgbò wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni ọmọ nọ́ọ̀sì fi páásìwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí ń ṣí ẹ̀rọ, ti àwọn ímeèlì náà pa. Olè ìbáà gbé ẹ̀rọ lọ, wúruwùru ni yóò máa rí, àfi ẹni tó bá mọ páásìwọ́ọ̀dù. Nígbà tí ìyá ń tẹ èyí tó yàn fúnra rẹ̀ wọlé, ọmọ tó mọ ẹ̀tọ́ kẹ̀yìn sí i.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. "Màmá, kí ni páásìwọ́ọ̀dù yín?"

Nọ́ọ̀sì wúkọ́ tí kò sí lọ́nà ọ̀fun. "Mo ti gbàgbé."

"Háà! Mo ṣáà sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó lè ṣí i láìsí i. Gbogbo ẹ̀ ti lọ nìyẹn o!"

Gbàgbé kẹ̀? Irọ́ ńlá! Obìnrin tó ti gbẹ̀bí ọmọ àìmọye, ojú ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló wá ń tì í. Orúkọ tí ọkọ rẹ̀ ń pè é nígbà tílẹ̀kùn yàrá bá ti tì ni páásìwọ́ọ̀dù náà, ẹnu ẹlòmíràn kò pè é rí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà tán láyé nìyẹn. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gidigidi.

"Ìbàdíàrán," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìbàdíàrán! Ṣé o ti gbọ́? Má fojú yẹn wò mí. Ìbàdí tó ń ro mí yìí ti nígbà tiẹ̀ rí."

Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Ìbàdíàrán mi, ṣé o wà ńlé?"

"Mo wà ńlé o," nọ́ọ̀sì dáhùn, ó sì ti dìde lórí àga kó tó rántí pé kò sẹ́ni tó dé.