Ìkéde fún Olúgbénga

Abẹ́rẹ́ ojú ẹ̀rọ kò gòkè. Dúrótoyè nu òógùn ojú, ó tún ti kọ́ìlì àkọ́kọ́, wáyà kíká, sún mọ́ èkejì. Iṣẹ́ rẹ̀ nílé-iṣẹ́ rédíò nìyí: agbára tí ìpele kékeré nínú ẹ̀rọ bá pèsè, kọ́ìlì méjèèjì ni í gbé e fún ìpele ńlá láìfara kanra, kí ohùn tó lè kọjá òkè Olósùnta dé ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n bá jìnnà jù, agbára ò ní í dé. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, wọn a máa bá ara wọn jà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ lónìí ọkàn rẹ̀ wà nílé.

Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn gidi, Olúgbénga, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ àbíkẹ́yìn, nìkan ló sì ń pè. Ìsínbọ̀dé lọ́nà Òmùò ni ìyẹn ti ń dáko láti ìgbà tí Dúrótoyè ti lé e jáde lójú àlejò, nítorí pé ó kọ ilé-ìwé. Láti àná ni wọ́n ti ń ka ìkéde: “Olúgbénga, a ń fẹ́ ọ nílé ní Ìkẹ́rẹ́ kíákíá.” Ta ni í kéde àìsàn arúgbó lórí rédíò?

“Ohùn wa ò dé ọ̀hún ni,” ó sọ fún Títílọlá tó ń ka ìkéde.

“Mọ́tò Òmùò ṣì wà ní gáréèjì, ọ̀gá. Ẹ ò ṣe lọ fúnra yín?”

Ojú ń tì í láti lọ bá ẹni tó lé jáde. Ó rọra fa kọ́ìlì sẹ́yìn díẹ̀, abẹ́rẹ́ gòkè, Títílọlá sì ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tíì kà á tán tí aládùúgbò wọn fi wọlé, ó ti ṣí fìlà. Ìyá ti lọ.

Nínú mọ́tò Òmùò, omijé kò jẹ́ kó ríran. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọ̀tún tirẹ̀ dà?

Rédíò ń sọ̀rọ̀ kedere lẹ́nu ọ̀nà Olúgbénga. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ṣé o ń gbọ́ wa níbí?”

“Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ lé mi kúrò nínú ulé, mo ní ẹ̀yin náà lẹ ó wá mú mi. Mo ti di ẹrù kalẹ̀ láti àná.” Ó rẹ́rìn-ín, ó na àpò kan sí i. “Ẹ bá mi gbé èyí. Uṣu tí Yèyé ó jẹ ni.”

Dúrótoyè gbà á. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ikú Ìyá.