Ọmọ Ọdún Mẹ́wàá Tí Kì í Dàgbà

"Ọmọ kan náà ni mò ń bá bọ̀ láti ọdún márùn-ún. Ẹ wá ẹlòmíì tó ní irú sùúrù yìí ní gbogbo Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ mú un wá."

Bí Adédèjì ṣe máa ń fọ́nnu nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì máa ń kó ọmọdé àtàgbà jọ lọ́jọ́ kan, wọ́n á fi wọ́n wéra, wọ́n á ní àwọn ti rí bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Iṣẹ́ ọ̀lẹ ló pe ìyẹn. Ní tirẹ̀, lọ́dọọdún ló ń pe ilé kan ní Oǹdó lórí fóònù, á ní kí wọ́n gbé e fún ọmọ náà, á sì bi í ní ìbéèrè kan náà. Ohun tó rí yani lẹ́nu: ọpọlọ ọmọ náà dúró sójú kan, kò lọ síwájú, kò rẹ̀yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbùkọ́lá tó ń tọ́ ọ sọ́nà ti ròyìn rẹ̀ dé òkè òkun.

Nígbà tí oyè ọ̀mọ̀wé kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Adédèjì ra ṣòkòtò tó yẹ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun àti ọ̀jọ̀gbọ́n wá forí lé Oǹdó.

Màmá Ògúnníyì tó ni ilé gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì pe ọmọ jáde. Ọmọ tó jáde kéré débi pé ṣòkòtò náà bá a dé ọrùn.

Adédèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí kọ́, ẹni tóun ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù lòun ń béèrè.

"Òun náà lo bá sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí," ni màmá wí. "Ọmọ ọdún mẹ́wàá lo ní o fẹ́ nígbà tó o kọ́kọ́ wá. Bí ọ̀kan bá ti kọjá ọdún mẹ́wàá, mo máa ń wá èyí tó kàn fún ọ. Mo tiẹ̀ ti yá ọmọ lọ́dọ̀ àbúrò mi rí. N kì í jẹ́ kó o pè lásán."

Ojú gba Adédèjì tì. Ó wo àjà, ó wo ilẹ̀, kò sí èyí tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ń gbọ́ èémí ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè yíjú sí i. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, pẹ̀lú bí ọkọ̀ Oǹdó ṣe pọ̀ tó ní Àkúrẹ́, kò tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Òun ló sì ń pe ẹlòmíì ní ọ̀lẹ.

Lójijì, ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ lu itan. Ó ní gbogbo rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ìwádìí kan wà tí wọ́n fi ń wo ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọ̀kan náà lọ́dọọdún, láti mọ̀ bóyá ọmọ òní jọ ọmọ àná. Àkọlé nìkan ni wọ́n máa yí padà.

"Ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣáà ni gbogbo wọn, àbí, Màmá?"

Adédèjì gbórí sókè.

Màmá ń ká ṣòkòtò náà. "Bẹ́ẹ̀ ni. Àfi tèṣí. Kò sọ́mọ nílé lọ́jọ́ náà, èmi ni mo dáhùn."