Nínú Ọyẹ́ La Yẹ Ilé Náà Wò

Ó ti pẹ́ jù nínú yàrá yẹn. Yàrá kan ṣoṣo, tí kò gbà ju ẹní mẹ́ta lọ, kí ni Gilbert ń wò níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti jókòó? Bóyá kò rí nǹkan kan. Bóyá ó ti rí i. Bó bá ti rí i, yóò ti jáde wá sọ... Kò burú. Kó máa wò ó. Torí kó lè wò ó ni mo ṣe mú un wá, àbí torí kí ni?

Òòlù rẹ̀ ń dún. Kọ́, kọ́. Ó dákẹ́. Kọ́.

Èmi rèé lórí àpótí òfìfo, níwájú ilé tí mo fẹ́ rà, ọyẹ́ ń da eruku sí mi lẹ́nu, mi ò sì wọlé. Mo sọ fún Gilbert pé eruku inú ilé yóò mú mi wúkọ́. Ti ìta ńkọ́? Gbogbo Sábóńgàrí ló funfun báyìí, mi ò rí ìsọ̀ tó wà ní òdìkejì títì dáadáa. Gilbert kò bi mí léèrè. Gilbert kì í bi ènìyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi — rárá. Nítorí pé ó jẹ́ káfíńtà ni mo ṣe pè é. Káfíńtà Rélùwéè, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́nu iṣẹ́. Ta ló tún mọ igi jù ú lọ ládùúgbò yìí?

Igi, bẹ́ẹ̀ ni. Igi àti páànù. Àwọn ilé bíríkì tí Rélùwéè kọ́ ló ń tún ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá náà wá. Ilé alámọ̀ nìyí. Òrùlé rẹ̀ gan-an amọ̀ ni, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, àwọn igi àjà ló gbé e ró. Ṣùgbọ́n igi náà ni igi àjà, ṣé kì í ṣe igi ni? Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Ọmọ́níkẹ́ ìyàwó mi lánàá nìyẹn. Ó gbójú sókè wò mí, ó sì padà sídìí ìrẹsì tó ń ṣà. Kò bá mi jiyàn. Ì bá jẹ́ pé ó bá mi jiyàn ni...

Ilẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú. Sọ̀fíyọ̀ ìjọba ti wọn ilẹ̀ tipẹ́, òkúta rẹ̀ wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wà nínú ìwé, nọ́ńbà wà nínú ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ni ìwé kankan kò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bóyá ó lè dúró, bóyá kò lè dúró, ìyẹn kò kan ìjọba. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń rà á, kó wá ẹni tójú rẹ̀ mọ nǹkan. Mo sì ti wá a. Gilbert ti wà nínú ilé.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Kí ọjọ́ mọ́kànlá náà tó pé ni ọ̀gá ní ká ti kó jáde nínú ilé tí Rélùwéè fún wa gbé, èmi àti àwọn akọ̀wé mẹ́fà tí wọ́n jọ dá dúró. Lọ́dún yìí kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í dá ènìyàn dúró. Àwọn yòókù ti ń di ẹrù, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Ilé wo ni èmi ní? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ọ̀fà ti kú, Màmá nìkan ló kù níbẹ̀, òun gan-an ló sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Lóṣù tó ń bọ̀. Tíṣà ìjọ wọn ló bá a kọ lẹ́tà. Ó béèrè bóyá yàrá òun yóò ní fèrèsé, torí òun kò fẹ́ jí kí òun má mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo fèsì lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ̀ dé. Mo ní, ó ní fèrèsé, Màmá, ibi tí oòrùn ti ń yọ ló kọjú sí.

Yàrá ẹ̀yìn ni. Yàrá tí Gilbert wà nínú rẹ̀ báyìí.

Kí ó má di pé ẹnìkan yóò sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mi ò wá ẹlòmíràn. Mo wá a. Mo lọ bá Màlámù Sàlíhù lẹ́yìn odi, magini ni, iṣẹ́ ilé mímọ ni bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ṣe títí wọ́n fi kú. Mo bá a níbi tó ti ń fẹsẹ̀ po amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko. Mo kí i, ó kí mi, a béèrè ara ilé lọ́wọ́ ara wa, ó pẹ́ díẹ̀ ká tó dé orí ọ̀rọ̀. Ó bi mí ìgbà tí wọ́n rẹ́ ògiri ilé náà kẹ́yìn. Mo ní nígbà Kérésì. Ṣé gbogbo ilé ni? Mo ní rárá o, yàrá ẹ̀yìn nìkan. Ó ń fi ìka ha amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì ní, "Sai an yi ruwa." Àfi tí òjò bá rọ̀. Ó ní nínú ọyẹ́ kò sí ilé tí kò dáa ní gbogbo Sáríà. Ó ní kí n ránṣẹ́ pe òun láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, òun yóò wá gbé ọwọ́ lé ògiri náà, òun yóò sì sọ fún mi.

Òjò. Oṣù kejì la wà. Kí òjò tó rọ̀ dáadáa níbí, oṣù karùn-ún a ti wọlé. Níbo ni kí n kó ìyàwó àti ọmọ sí láti ìsinsìnyí títí di ìgbà yẹn? Ṣé mo ṣe burúkú ni? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní màá padà wá. Ó mọ̀ pé mi ò ní padà wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sínú amọ̀ rẹ̀ padà.

Kọ́. Kọ́, kọ́. Ibì kan náà ló ń lù.

Àti pé mo ti ṣe àmín. Ohun tí Màlámù Sàlíhù kò lè mọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Baba Láńrewájú tó ni ilé yìí, àgbà ìjọ wa, mú èmi àti Ọmọ́níkẹ́ wọ inú pálọ̀ níhìn-ín, ó ní ká kúnlẹ̀. Mo rò pé torí ìrìnàjò rẹ̀ ni, nítorí pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni yóò wọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún ilé. Ó gbàdúrà fún ẹni tó ń jáde, ó gbàdúrà fún ẹni tó ń wọlé, ó dárúkọ mi, ó dárúkọ Màmá tí kò mọ̀ rí. Mo ní àmín. Tèmi ló ròkè jù. Nígbà tá a dìde ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ó parí, ọmọ mi." Bí a ti ń ṣe é láàárín ara wa nìyẹn, àdúrà la fi ń tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀. Èmi ọlọ́gbọ́n sì ti ṣe àmín kí n tó gbójú sókè wo òrùlé. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́ fún àgbà ìjọ lẹ́yìn ìyẹn, pé ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ pe magini kan wá kó wá wo ohun tí ẹ gbàdúrà lé lórí?

Mo parọ́. Mo ní Gilbert fẹ́ wá wọn àwọn fèrèsé kó lè kan ilẹ̀kùn tuntun sí wọn. "Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ wọ̀n ọ́n," Baba ní, "kí n tó ti téṣàn dé ẹ ó ti parí." Ó ti lọ rí sí bí wọn yóò ṣe gba ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ènìyàn dáadáa ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Sáríà, tí mi ò gbọ́ Hausa kankan, oṣù méjì ni mo fi jẹun nílé rẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tàn mí jẹ? Kò tàn mí jẹ. Kò parọ́ kankan fún mi. Mi ò bi í ní nǹkan kan tó lè parọ́ lé lórí.

Ọmọ́níkẹ́ ló béèrè. Èmi ló bi, kì í ṣe Baba. "Bàbá Morẹ́nikẹ́, kí ló dé tó fi jẹ́ yàrá ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n rẹ́?" Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé ó fẹ́ ká lọ máa sùn ní téṣàn ni. Láti ìgbà náà kò tíì sọ̀rọ̀ ilé sí mi mọ́. Ó ń di ẹrù. Ó ń fi aṣọ wé àwọn àwo.

Kí ló fà á tí mo fi ń ronú kan ilé Abdulganiyu? Mi ò fẹ́ ronú kàn án. Oníṣòwò ará Ìlọrin nì, lópòópónà kejì... Oṣù kẹjọ tó kọjá ni, lẹ́yìn tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òrùlé amọ̀ bíi tèyí ló wó. Ọ̀sán ni, àwọn ará ilé wà lọ́jà. Gbogbo wa la sáré lọ wò ó. Amọ̀ bo bẹ́ẹ̀dì mọ́lẹ̀, a ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀, a ò rí orí rẹ̀. Abdulganiyu ń sọ ṣáá pé Alhamdulillahi, Alhamdulillahi, ọ̀sán ni.

Màmá kì í jáde lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Dákẹ́. Gilbert yóò wò ó. Bó bá ní ó dáa, ó dáa nìyẹn. Màá délé, màá sọ fún Ọmọ́níkẹ́ pé káfíńtà ti wò ó, yóò sì... kí ni? Yóò gbà á gbọ́? Èmi ńkọ́? Ṣé èmi yóò gbà á gbọ́? Ẹni tí kò fẹsẹ̀ po amọ̀ rí láyé rẹ̀. Mo mú ọ̀rẹ́ mi wá. Mo mú ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ mọ́kànlá ló kù fún mi. Bó bá tilẹ̀ rí i, ṣé yóò ní ọkàn láti sọ ọ́ fún mi?

Gilbert yọrí lójú fèrèsé pálọ̀ báyìí. Eruku funfun wà ní irun ojú rẹ̀. "Akọ̀wé," ó ní, "ta ló máa sùn ní yàrá ẹ̀yìn yìí?"

Ẹnu mi kò tilẹ̀ dúró. "Ẹrù la máa kó síbẹ̀."

Ó wò mí díẹ̀. "Bó bá jẹ́ ẹrù ni, kò burú." Ó sì fa orí rẹ̀ wọlé.

Ẹrù. Èmi ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó fi agbára mú mi sọ ọ́. Ìbéèrè kékeré ni, ìdáhùn rẹ̀ kò sì ju orúkọ kan lọ, mo mọ orúkọ náà, mo sì sọ pé ẹrù... Ọmọ mẹ́fà ni Baba Láńrewájú ní nínú ilé yìí. Níbo ni wọ́n ń sùn? Inú pálọ̀ ni wọ́n ká ẹní jọ sí lọ́jọ́ tá a kúnlẹ̀ yẹn, mo sún ẹní kan sẹ́yìn kí orúnkún mi lè ráyè. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Iṣu ló wà níbẹ̀, àti àpótí, àti kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Ọmọ mẹ́fà nínú pálọ̀, iṣu nínú yàrá. Mo rí i. Mo rí i kí n tó di ojú. Ìdí tí àmín mi fi ròkè jù nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó tàn mí jẹ.

Òòlù ti dákẹ́. Ní ìsàlẹ̀ títì, nínú eruku, ẹnìkan ń bọ̀ láti ọ̀nà téṣàn, ó jọ Baba, ó ń rọra rìn. Mo ṣì jókòó. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí n ti sọ ọ́ fún Gilbert, jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́: ìyá mi ni yóò máa sùn níbẹ̀. Mo la ẹnu, kò jáde.