Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dúró Níbí

Òfin náà ti wà lára ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó mọ ògiri náà. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níbí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó níbí, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀, ẹni tí onítọ̀hún ń retí kò ní í dé mọ́. Èmi sì ń retí ìyá mi, tó ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ránṣẹ́ sí mi pé kí n pàdé òun níbẹ̀, lọ́sàn-án gangan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò kí i, nítorí a ti jà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lórí ọkùnrin tí kò tilẹ̀ padà fẹ́ mi. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń wá mi kiri. Ìkíni yẹn ni mo bá wá.

Nítorí òfin, mo ń rìn lójú títì. Mo yà sọ́tùn-ún, títì náà gba inú pálọ̀ wa àtijọ́ kọjá, àwọn ènìyàn ń gba àárín àga lọ, ẹnì kan ò wo ẹnì kan lójú. Mo yà sósì, ó dá mi padà síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá padà dé, títì náà ti kúrú sí i, títí ó fi ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ní ó ti rẹ òun. Mo ní kó fara dà á, òun nìkan kọ́ ló ń rìn.

Wolé-wolé kan ń ṣọ́ ibẹ̀, káàkí rẹ̀ le gbagidi. Kò lẹ́nu, fìlà rẹ̀ ló ń ṣe agbẹnusọ fún un. Mo bi fìlà náà bóyá òfin sọ nǹkan kan nípa ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí ìwé, fìlà kà á, ó ní kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ṣòfin kò rò pé ẹnì kan lè kúnlẹ̀ lójú títì. Ó ní kí n má gbàgbé pé bí mo bá ti dìde, mo ti dúró nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀. Ta ni yóò kọ́ ọmọbìnrin ilé wa ní ìkúnlẹ̀?

Màámi dé. Bùbá tí a fi sin ín ló wọ̀. Ẹja inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, wọn ò fo ẹnì kan. Òfin mú òun náà, nítorí náà ó ń yí mi po, kò dúró.

Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Màámi.” Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ìkíni àárọ̀ ni mo fi dù ú.

Ó kì mí látòkèdélẹ̀. Ó pè mí ní Àwẹ̀ró, orúkọ tí ẹnì kan ò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tó ti lọ. Mo sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní, “Dìde.”

Nílé wa, bí àgbà kò bá ní kí o dìde, o ò gbọdọ̀ dìde; bó bá sì ti sọ ọ́ tí o ṣì wà nílẹ̀, ìbínú lò ń bá a ṣe. Fìlà ń wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òfin fún Màámi, ohùn àwọn ẹja bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Àwẹ̀ró, o ṣì ń bínú sí mi.”

Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ẹja dákẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó bí mi, ó kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ̀rù tó bà mí ju ti òfin lọ. Mo dojú bolẹ̀ kí n lè rẹlẹ̀ jù ú. Òun náà dojú bolẹ̀. Mo ń sọ ọ́ pé, “Ẹ dìde, Màámi, èmi ni mo jẹ̀bi,” ètè mi ti kan ọ̀dà títì. Kò lè dìde; bó bá dìde, ó ti dúró nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí wa, oníkálukú ń yára, kí wọ́n má baà dúró.