Pẹpẹ Ọlọ́wọ́ Òsì

"Madam, na here him hand touch," ni Ibinabo wí, ó sì fi ìka kan àmì ṣọ́ọ̀kì tó wà lára ògiri balùwẹ̀ rẹ̀ ní Rumuokwurushi.

Bí Àtinúkẹ́ káfíńtà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò ní kan pẹpẹ balùwẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé onítọ̀hún ti fi ọṣẹ bọ́jú, tó dijú, tó sì na ọwọ́ wá kànrìnkàn. Ibi tí ọwọ́ bá bà ni pẹpẹ máa wà. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù, Ibinabo sì ti sàmì tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀. Tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún, ó rẹlẹ̀. Ti ọkọ wà lápá òsì, ó ga.

"Your oga dey use left hand?"

"Since wey dem born am. Na Onne him dey work, so no be every night him dey sleep here."

Ọkàn Àtinúkẹ́ kò balẹ̀ mọ́. Adéwọlé, ọkọ tirẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni ní Onne. Òun náà kì í sùn sílé lójoojúmọ́, ọlọ́wọ́ òsì sì ni. Àtinúkẹ́ gbé ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀ ti ògiri. Ìlà tó fi ọ̀bẹ fà sára ọ̀pá náà nígbà tó ń kan pẹpẹ ọkọ rẹ̀ nílé wọn ní Rumuomasi bá ṣọ́ọ̀kì Ibinabo mu rẹ́gí.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì pọ̀ ní Port Harcourt, àwọn tó ga náà ò kéré. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà. Ó ní òun máa padà wá lọ́la, ó gba ilé lọ. Inú ń bí i, kò sì tíì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí.

Nírọ̀lẹ́, Adéwọlé bá a ní gáréèjì tó sọ di ilé iṣẹ́, níbi tó ti ń fi sáńpépà ra pákó.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìmísí."

"O kú iṣẹ́. Ti ta nìyẹn?"

"Ti obìnrin kan ní Rumuokwurushi ni. Ó ní ọwọ́ òsì ni ọkọ òun fi ń wá kànrìnkàn."

Àtinúkẹ́ bu omi fún un.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọwọ́ òsì ló fi ń gba ife. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí ó fi sú u. Àwọn àna rẹ̀ pàápàá ti gbójú fò ó. Lónìí, ọwọ́ ọ̀tún ló nà, ife náà ò sì dúró dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀. Omi dà sí i láyà.

Àtinúkẹ́ wò ó títí ó fi mu ún tán. Ó dùn ún wọ egungun. Ó mú dírìlì, ó kọrí sí balùwẹ̀ wọn.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Pẹpẹ yín ni mo fẹ́ yọ," ó dáhùn. "Wọ́n ti ní kí n bá yín kan òmíràn ní Rumuokwurushi."