Ojú Òsì Sájẹ́ǹtì

Ọkọ̀ ológun ni, ti ayé àtijọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ológun fẹ̀yìn tì kó tó bọ́ sọ́wọ́ akẹ́rù. Àwọ̀ ewé gbígbẹ ni ọ̀dà ara ẹ̀, bọ́ńpà iwájú ẹ̀ nípọn bí irin rélùwéè, tó bá sì ń gun òkè, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á kọjá ẹ̀, á tún bojú wẹ̀yìn kí i. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sílé mìíràn ló ń gbé. Akẹ́rù ló ń wà á, ìyàwó ẹ̀ ló ń jókòó tì í.

Ẹ má rò pé ìyàwó yẹn kàn ń gbafẹ́ o. Apá ọ̀tún ni sítẹ́ẹ̀rìn Sájẹ́ǹtì wà, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún títì náà ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Tí Sájẹ́ǹtì bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tó fẹ́ wọ títì padà, akẹ́rù ò lè rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn lápá òsì. Díńgí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, díńgí á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, ọkọ̀ kan ṣoṣo á di mẹ́ta. Ìyàwó ló ń yọ orí síta wo ẹ̀yìn. Tí nǹkan bá ń bọ̀, á ké pé, "Ó ń bọ̀!" Tí ò bá sí nǹkan, á dákẹ́. Akẹ́rù á ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, á gbéra. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn ò ha ẹnikẹ́ni lára. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyàwó ní Ojú Òsì, òun náà sì ń dáhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tọ́rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹrù tíṣà kan ni wọ́n ń dì. Tíṣà ní kí wọ́n jọ̀ọ́ pa ẹ́ńjìnnì, ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù.

"Ariwo ẹ́ńjìnnì?" Akẹ́rù gbé ẹsẹ̀ tábìlì kalẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá sùn nílé mi, ẹ ò ní mọ èwo ni Sájẹ́ǹtì, èwo ni ìyàwó mi. Mo ti dìde rí láti lọ pa ẹ́ńjìnnì, àṣé Ìyá wọn ló ń hanrun!"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé àwo ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó wá wòran náà ò gbẹ́yìn. Ojú Òsì nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Ó gun ọkọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé gbà, ó di ẹnu ẹ̀ bí ẹni di àpò sìmẹ́ńtì.

"Ìyá wọn, àwàdà ni o."

Kò fọhùn.

"Ẹn-ẹn, a ti ń yan odì nìyẹn."

Kò fọhùn.

Akẹ́rù ṣíná sí ọkọ̀. Ojú Òsì yọ orí síta, torí iṣẹ́ niṣẹ́. Ó rí mọ́tò pupa kékeré kan tó ń bọ̀. Ó tiẹ̀ rí obìnrin tó ń wà á, obìnrin náà sì rí i. Ó la ẹnu. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ò ju pé: kó bi mí ná. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé, "Ìyá wọn, jọ̀ọ́, ṣé nǹkan ń bọ̀?" Ó pa ẹnu dé. Ó di irin ilẹ̀kùn mú.

Oókan, eéjì, ẹẹ́ta.

Bọ́ńpà Sájẹ́ǹtì wọ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò pupa bí ìgbà téèyàn fi àtàǹpàkò tẹ agolo mílíìkì. Gíláàsì dà sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní tiẹ̀, ọ̀dà pupa bí ìbú ìka méjì ló kù sí i lára.

Agbẹ̀bí lobìnrin náà, ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ó fọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún dání, ọrùn ọwọ́ ti ń wú. Kò pariwo. Ojú Òsì ló tẹjú mọ́.

"Màmá, mo rí yín tẹ́ ẹ̀ ń wò mí. Mo ní kò séwu, wọ́n ti rí mi. Ìyẹn ni mo ṣe ń bọ̀."



Lọ́jọ́ kẹta, tọkọtaya jókòó lọ́fíìsì àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, fáìlì tí wọ́n fi rọ́bà dì, òórùn epo ń gba ojú fèrèsé wọlé láti inú ọgbà tí wọ́n de Sájẹ́ǹtì mọ́. Ọ̀gá ayẹ̀wò gbé bírò.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Búrékì ni, sà," akẹ́rù já a gbà lẹ́nu ẹ̀. "Mo tẹ̀ ẹ́, kò mú."

Ojú Òsì yíjú sí i. Búrékì wo? Búrékì tó ń mú bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ?

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí, tí búrékì ẹ̀ bá já, tó sì ṣe èèyàn léṣe, a kì í dá a padà sójú títì? Gígé ni wọ́n máa gé e fáwọn tó ń yọ́ irin."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bírò kan ìwé. Tí Ojú Òsì bá jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá á kàn lọ bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ dúró, sà. Búrékì ẹ̀ dáa. Èmi ni. Mo rí mọ́tò yẹn, mi ò sọ̀rọ̀."

"Ìyá wọn, dákẹ́."

"Mo ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ó sọ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò yọ ọ̀rọ̀ ìhanrun sílẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ọ̀gá ayẹ̀wò yára wo òkè àjà kí ẹ̀rín má bàa bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó wa Sájẹ́ǹtì yí ọgbà ká, ó tẹ búrékì. Sájẹ́ǹtì dúró gbọn-in, fìlà ọ̀gá fò lọ bá gíláàsì iwájú. Ó wọlé padà, ó ń gbọn fìlà.

"Búrékì yẹn dáa ju tèmi lọ. Ta ló wá kọ́ ẹ̀yin méjèèjì pé téèyàn bá ti dákẹ́, ọ̀nà mọ́ nìyẹn? Ẹni tó sùn ń dákẹ́. Ẹni tí oúnjẹ kún ẹnu ẹ̀ ń dákẹ́. Ẹni tínú ń bí náà ń dákẹ́, ẹ ti rí i. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ ohùn, ẹ ò gbọdọ̀ gbéra."

Ó ní Sájẹ́ǹtì ò ní jáde fún oṣù kan, kí wọ́n wá díńgí tí ò ní máa gbọ̀n, kí wọ́n sì tún mọ́tò agbẹ̀bí ṣe.

Wọ́n ti dé géètì kí Ojú Òsì tó bi í. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fẹ́ purọ́ mọ́ Sájẹ́ǹtì?"

"Sájẹ́ǹtì ò mọ ìtìjú." Akẹ́rù ń wo ilẹ̀. "Mo rí ọwọ́ ẹ lára irin ilẹ̀kùn, mo mọ̀ pé o ti rí nǹkan. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ti dójú tì ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì."



Ní gbogbo oṣù yẹn, àràárọ̀ ni Ojú Òsì ń lọ sílé agbẹ̀bí, ó ń bá a fọṣọ, ó ń bá a di irun, torí ọwọ́ ọ̀tún wà nínú báńdéèjì. Agbẹ̀bí ní, "Ó yẹ kí n bínú sí yín ju báyìí lọ, Màmá. Àmọ́ ta ló máa wá bá mi fọ bẹ́ẹ̀díṣíìtì?"

Lọ́jọ́ tí Sájẹ́ǹtì jáde padà, ìjà ti ṣẹlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa: akẹ́rù ní ìyàwó òun ló gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́, àṣé àpò ṣòkòtò ara ẹ̀ ló wà. Wọ́n di ẹrù tán, wọn ò wo ara wọn lójú. Akẹ́rù ṣíná sí ọkọ̀. Díńgí tuntun dúró jẹ́ẹ́. Ó wò ó, kò gbéra. Oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ó kà á dé mẹ́wàá. Ó kà á dé ogún. Onímọ́tò kan tó fẹ́ páàkì sáyè wọn ń fọn fèrè lẹ́yìn.

Ojú Òsì yọ orí síta, ó wo ẹ̀yìn títí, ó mú orí wọlé.

"Ó mọ́," ló wí, ó kọjú sí fèrèsé. "Mi ò sì bá yín sọ̀rọ̀ o."

Akẹ́rù wọ títì.